Ọwọ́ Tí Afínjú Fọ̀

“Dá a dúró níbẹ̀ yẹn. Rárá, dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n. Ọwọ́ yẹn ti kú.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, kò sì gbé ohùn sókè. Obìnrin náà kì í pariwo. Bí iṣẹ́ rẹ bá dára, á ní “ó dáa”. Bí kò bá dára, á ní “ó ti kú”, á sì máa wò ọ́ bí ẹni pé ìwọ lo pa á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ àwòrán orí kọ̀ǹpútà lábẹ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà bí orúkọ ara wọn. Oyè kejì ni gbogbo wọn ń kàwé fún. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí ohun tí kò sí dà bí ohun tó wà: iná tí kì í jóni, òjò tí kì í pani, èèyàn tí ìyá kankan ò bí.

Afínjú tẹ bọ́tìnì, fíìmù rẹ̀ sì dúró. Lára ògiri níwájú wọn, onígbàjámọ̀ àgbàlagbà kan jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń retí oníbàárà. Dígí gígùn wà lẹ́yìn rẹ̀, táwẹ̀lì wà léjìká rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí itan. Ká má parọ́, nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó jọ èèyàn tó ọkùnrin yìí. Ìlà ojú rẹ̀ hàn kedere, irun funfun tó wà létí rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí fáànù ṣe ń fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó máa gbà pé kò sí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láyé.

“Nígbà tó bá gbé abẹ, ó dáa,” Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Mo gbà pé ó ń fá orí. Èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan orí ara mi wò. Ṣùgbọ́n kó tó gbé abẹ, igi ló gbé lé itan. Kí lo ṣe sí ọwọ́ yẹn?”

“Mo fọ̀ ọ́ ni, mà.”

Ẹ jẹ́ n là á yé yín, torí ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ náà á rò pé ọṣẹ àti omi ni wọ́n fi ń ṣe é. Nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n á wọ aṣọ kan tó fún pinpin fún èèyàn gidi, aṣọ tí wọ́n lẹ bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dán mọ́ káàkiri. Kámẹ́rà á máa wo àwọn bọ́ọ̀lù náà, kọ̀ǹpútà á sì máa tọ́jú ọ̀nà tí kálukú wọn gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ara ẹni tí kò sí bo ìrìn ẹni tó wà. Àmọ́ kámẹ́rà a máa ṣi nǹkan rí. Bọ́ọ̀lù kan lè yẹ̀, iná lè kọ mànà, apá ẹni inú fíìmù á sì ta gìrì láìnídìí. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí nìyẹn, mímú un kúrò ni fífọ̀.

Kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ̀ bí Afínjú. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn láti kékeré, nígbà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bàbá náà tán, ṣe lá tún máa tẹ̀ kiri, á máa fi ọwọ́ ṣa irun tó ṣẹ́ kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní yunifásítì, wọ́n gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, láti ìgbà náà ni kò ti sẹ́ni tó pe èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀ mọ́.

“Ìdọ̀tí ọwọ́ yẹn pọ̀, mà,” ó wí. “Ó ń gbọ̀n jìgìjìgì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lo odindi ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹ̀.”

“Bó ṣe wà kó o tó fọ̀ ọ́ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?”

“Ó wà, mà.”

“Gbé e wá ká wò ó.”

Afínjú tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ojú ń tì í díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀ wá síta. Onígbàjámọ̀ náà tún jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ tó wà lórí itan rẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́ mọ́. Àtàǹpàkò ń lọ, ó ń bọ̀ lára ìka tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ yẹ aṣọ wò kó tó rà á. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ láìdáwọ́ dúró. Ọkùnrin náà ń wo ẹnu ọ̀nà, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oníbàárà wọlé, ó jókòó, onígbàjámọ̀ dìde, ó gbé abẹ. Bí abẹ ṣe kan awọ orí báyìí, ọwọ́ náà dúró gbagidi. Ó fá orí náà láti iwájú dé ìpàkọ́, kò mì rárá. Ìgbà tó gbé abẹ sílẹ̀ tán ni gbígbọ̀n náà tún rọra padà dé.

 Orí gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá wú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu, tí kì í dákẹ́ kódà lójú oorun. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tó wà níbi tí ọmọ ọwọ́ ti ń sùn.

“Yéè,” ó ní. “Ó wà láàyè.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì kánjú. “Afínjú,” ó ní, “o rò pé o fọ̀ ọ́. O fọ́ ọ ni.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́nu gba ọ̀rọ̀ náà, ó ń tún un sọ, ó ń fi ohùn gbé e sókè, ó ń fi ohùn gbé e sílẹ̀: o fọ̀ ọ́, o fọ́ ọ. Afínjú náà rẹ́rìn-ín, torí kí lèèyàn tún fẹ́ ṣe?

“Ta ló bá ọ wọ aṣọ bọ́ọ̀lù náà?” Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

“Bàbá mi ni, mà. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n.”

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n yí padà. Ó tún awò náà wọ̀, ó wo ọwọ́ tó wà lára ògiri, ó wo Afínjú. “Ṣé ara Bàbá le?”

“Ara wọn le, mà,” Afínjú yára dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ló mọ̀ pé kò dá òun lójú.

Yàrá kámẹ́rà wà nísàlẹ̀ ilé náà. Yàrá ńlá ni, wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní dúdú, kámẹ́rà sì yí i ká lókè. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Bọ̀dá Kámẹ́rà. Ó wà lórí àkàbà, ó ń fi aṣọ nu ojú ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà náà, àwọn ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń pè wọ́n, nígbà tí Afínjú já wọlé.

“Bọ̀dá, kámẹ́rà yín ti bàjẹ́.”

“Ẹ káàsán náà ńkọ́?”

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ káàsán. Kámẹ́rà yín ti bàjẹ́.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Èwo nínú wọn?”

Afínjú ṣàlàyé. Kò tíì gbàdúrà rí láyé rẹ̀ pé kí nǹkan yunifásítì bàjẹ́, àfi ọjọ́ yẹn. Tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń rojọ́ mọ́ kámẹ́rà, ẹ máa rò pé wọ́n jọ ní ìjà tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní bọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ló yẹ̀. Ó ní iná ló ṣeé ṣe kó kọ. Ó ní àga tí Bàbá jókòó lé lọ́jọ́ náà, ó dà bíi pé kò dúró dáadáa.

Bọ̀dá Kámẹ́rà ò bá a jiyàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ tó ní bọ́ọ̀lù lára, ó jókòó sórí àga kan náà, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà lójú kọ̀ǹpútà. Tààrà ló ń lọ. Ó ṣí lọ sórí àga mìíràn, ìlà náà kò yí padà. Ó wá ṣí ohun tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá wá. Ìlà ọwọ́ òsì Bàbá lọ tààrà. Ti ọwọ́ ọ̀tún ń gòkè, ó ń sọ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti dìde.

“Ìdọ̀tí kámẹ́rà kì í níwà,” Bọ̀dá ní. “Á fò síbí, á fò sọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ. Eléyìí níwà. Wò ó bó ṣe ń lọ déédéé bí ẹni tó ń mí.”

Afínjú rántí ọjọ́ náà. Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín dé ibi tí ikùn ti ń dùn wọ́n. Bí Bàbá ṣe wọ aṣọ dúdú náà tán, ó wo ara rẹ̀ lókè nílẹ̀, ó ní, “Ṣé aṣọ lẹ wọ̀ fún mi ni àbí ọ̀dà lẹ kùn mí?” Wọ́n ní kó na apá méjèèjì sọ́tùn-ún sósì kí ẹ̀rọ lè mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ó ní tó bá jẹ́ pé ìyẹ́ ni wọ́n fẹ́ rán fún òun, kí wọ́n tètè wọn òun, oníbàárà ń dúró. Abẹ oníke ni wọ́n fún un mú, orí Ẹlẹ́nu ló sì fi fá. Tọkàntọkàn ló fá a, débi tó fi na ọwọ́ kan láti lu àtíkè sí i lọ́rùn, kó tó rántí pé kò sí àtíkè níbẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀rín yẹn, kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo gbogbo ẹ̀ láìsí ara.”

Bọ̀dá Kámẹ́rà pa iná. Òkùnkùn kún ojú kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ tín-tìn-tín díẹ̀ sì yọ sínú rẹ̀, ọ̀kan fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí aṣọ. Afínjú ti wo àwọn ìmọ́lẹ̀ yìí títí kó tó fọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ló ń wá nínú wọn nígbà yẹn. Àsìkò yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò wọ́n.

Àwọn ìmọ́lẹ̀ náà jókòó. Wọ́n dìde, ti èjìká òsì kọ́kọ́ gbéra kí ti ọ̀tún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, orí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tó wà níwájú orí sì rọra sún síwájú, bí ẹni tó ń fẹ́ irun kúrò lójú abẹ. Bàbá nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n da gbogbo bàbá ayé pọ̀ mọ́ra nínú òkùnkùn yẹn, Afínjú á nawọ́ mú tirẹ̀ láìṣì í mú. Ìmọ́lẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni, bàbá òun sì wà nínú ẹ̀ pátápátá, àti ìgbéraga rẹ̀, àti àwàdà rẹ̀, àti ohun tó ń ṣe é lọ́wọ́. Omijé dà lójú rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí ìyanu.

“Irú kí ni èèyàn jẹ́ gan-an?” ó ní.

“Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí,” Bọ̀dá Kámẹ́rà dáhùn. “Ó ṣì máa ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀.” Ó tan iná padà. “Àmọ́ o, èmi kì í ṣe dókítà. Bàbá ni kó o lọ bá.”

“Kí ni màá sọ fún wọn? Inú ilé kan náà là ń gbé. Ṣé kí n sọ pé kámẹ́rà ló bá mi rí wọn?”

“Sọ ohun tó o rí fún wọn.”

Nígbà tí Afínjú dé ṣọ́ọ̀bù, Bàbá ń parí irun dírẹ́bà kan. Ó dúró sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò. Kilípà ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún Bàbá, ọwọ́ náà kò sì mì. Bó ṣe gbé kilípà sílẹ̀, ọwọ́ náà lọ tààrà sínú àpò. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí Afínjú ti ń rí ọwọ́ yẹn nínú àpò! Fáàrí ló rò pé ó jẹ́. Ó tilẹ̀ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí, ó ní Bàbá ti di ọ̀gá ilé iṣẹ́.

“Bàbá, ẹ bá mi fi abẹ gé iwájú yìí kó gún,” dírẹ́bà ní.

“Abẹ ti tán.”

“Ó tún ti tán? Ìgbà tí mo wá lọ́jọ́sí náà, ẹ ní ó tán. Ẹ jẹ́ n bá yín rà á bọ̀.”

“Má ṣèyọnu. Kilípà ti tó o. Bó o ṣe rí yìí, tó o bá délé, ìyàwó ẹ á bi ẹ́ pé ta lò ń wá.”

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó gbọn irun dànù lára, ó lọ. Páálí abẹ wà lábẹ́ dígí níbẹ̀, odindi, wọn ò tíì já a.

“Ìyá mi, o tètè dé lónìí,” Bàbá ní. “Ṣé wọ́n ti lé yín nílé ìwé kàtúùnù ni?”

“Bàbá, oyè kejì ni mò ń kà.”

“Oyè kejì kàtúùnù. Mo gbọ́.”

Ọjọ́ mìíràn, Afínjú á ti fún un lésì. Ó kàn gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí pẹpẹ tó wà níwájú dígí, ó ní kí Bàbá wá wo iṣẹ́ òun. Bàbá jókòó sórí àga oníbàárà, ọwọ́ ṣì wà nínú àpò. Èyí tó ti fọ̀ ló kọ́kọ́ ṣí fún un. Àyà rẹ̀ ò gbé e láti bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn.

“Háà,” Bàbá ní. Ó sún mọ́ ọn. “Ṣọ́ọ̀bù mi nìyí. Fáànù mi nìyí, tó yẹ kí n ti sọ nù. Ta wá ni bàbá yìí?”

“Ẹ máa wò ó.”

Bàbá wò ó. Ó wo bí ọkùnrin náà ṣe dìde, bó ṣe gbọn táwẹ̀lì, bó ṣe fi ìka méjì yí orí oníbàárà sí ibi tó fẹ́. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀, kò sì rántí pa á dé.

“Ojú ẹni yìí kì í ṣe ojú mi,” ó ní nígbà tó yá. “Àmọ́ bí ẹni tó ń wo dígí ló ń ṣe mí. Èmi nìyẹn! Afínjú, báwo lẹ ṣe mú mi wọ inú ibẹ̀?” Ó tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ibi tí ọkùnrin náà ti jókòó. Ohùn rẹ̀ yí padà. “Ọwọ́ ẹ̀ dúró jẹ́ẹ́,” ó wí, bí ẹni tó rí ohun ìní rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

“Èmi ni mo mú un dúró, Bàbá. Mo fọ̀ ọ́ ni.”

“O fọ kí ni?”

“Ọwọ́ náà. Mo rò pé ìdọ̀tí ni.”

Ó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà, kò ṣeé ṣe mọ́. Bàbá yí àga náà kó lè kọjú sí i dáadáa.

“Ṣé ọwọ́ mi dọ̀tí ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí a ṣe máa ń pè é níbi iṣẹ́ nìyẹn. Mo rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Bàbá, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

Bàbá ò bínú. Ìbá tiẹ̀ bínú, ìbá sàn. Ó yọ ọwọ́ náà jáde nínú àpò, ó sì gbé e lé pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀ lára ìka, gẹ́gẹ́ bí Afínjú ṣe rí i lára ògiri.

“Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀,” ó ní. “Mo rò pé mo sùn lé e ni. Ó wá ń pọ̀ sí i. Abẹ kì í ṣe ohun eré, Afínjú. Ọrùn èèyàn ni mò ń gbé e lé. Ọmọ ọlọ́mọ jókòó, ó dijú, ó fi ara ẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bí ọwọ́ yìí bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré ńkọ́? Mo gbé abẹ tì. Mo ti sọ fún onílé pé tó bá di ìparí oṣù, kó fi ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn.”

“Ẹ fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀? Ẹ ò sì sọ fún wa!”

“Kí n sọ kí ni? Ìyá ẹ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ, ó ń tọ́jú ọmọ tuntun. Ìwọ ń kàwé. Ṣé kí n wá máa fi ọwọ́ gbígbọ̀n dẹ́rù bà yín ni?”

Kí Afínjú má baà bú sẹ́kún, ó ṣí èkejì, èyí tí kò fọ̀. Ọkùnrin inú fíìmù jókòó, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lórí itan. Bàbá mí kanlẹ̀. Oníbàárà wọlé. Abẹ kan awọ orí. Ọwọ́ dúró.

“Ibí yìí ńkọ́?” Bàbá nàka sí i. “Ṣé o fọ ibí yìí náà ni?”

“Mi ò fọ ibẹ̀.”

“Afínjú.”

“Mi ò fọwọ́ kàn án rárá, Bàbá.”

“Mo mọ̀ ẹ́. Èmi ni mo sọ ẹ́ lórúkọ. O ò lè rí ìdọ̀tí kó o fi í sílẹ̀. Torí kínú mi lè dùn lo ṣe fọ̀ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Afínjú, àmọ́ kò lè bá a jà, torí ohun tó lè ṣe gan-an ni. Ó ṣí ìmọ́lẹ̀ inú òkùnkùn fún un, èyí tó ti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà wá láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó fi ìlà náà hàn án, ibi tó ti ń gòkè tó ń sọ̀, àti ibi tó ti lọ tààrà. Ó ní tí kò bá gba òun gbọ́, kó jẹ́ káwọn pe Bọ̀dá Kámẹ́rà lórí fóònù báyìí. Bàbá ò fẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó fi ìka òsì tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, láti ìpàkọ́ dé iwájú, láti iwájú dé ìpàkọ́.

“Tún un fi hàn mí,” ó ní.

Ó tún un fi hàn án.

“Tún un fi hàn mí.”

Kò mọye ìgbà tí wọ́n wò ó. Rédíò ṣọ́ọ̀bù ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀.

“Ó dúró,” Bàbá wí. “Afínjú, ó dúró.”

“Ó dúró, Bàbá.”

“Mi ò rí i rí. Tí mo bá ń fá orí, orí ni mò ń wò. Ọkàn mi ló ń gbọ̀n, mo wá rò pé ọwọ́ ni.” Ó bọ́ awò. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé. “Ta ló ń sọ fún un pé kó dúró?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

Òótọ́ ló sọ. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ tó wà lórí pẹpẹ bí àlejò tó bá wọn nílé láìròtẹ́lẹ̀.

“Abẹ oníke lẹ fún mi lọ́jọ́ yẹn,” Bàbá ní, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé kẹ́ ẹ padà sídìí abẹ. Ohun tí mo rí ni mo fi hàn yín. Dókítà ló máa sọ ìyókù. Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la.”

“Lọ́la náà kẹ̀?”

“Lọ́la. Onílé náà, ẹ sọ fún un pé kó ní sùúrù.”

Bàbá tí kì í lọ ilé ìwòsàn, tó jẹ́ pé àgbo àti ìrètí ló fi ń wo gbogbo àìsàn, mi orí. “Ó dáa,” ó ní. “Lọ́la.”

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì le jù fún Afínjú láti sọ. “Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa fi fíìmù náà hàn ní gbangba. Àwọn ará àdúgbò máa wá. Gbogbo èèyàn ló máa rí ọwọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fọ̀ ọ́, màá fọ̀ ọ́. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n pè é ní òkú, kó fún mi ní ohun tó bá fẹ́ fún mi.”

Bàbá ò tíì dáhùn tí òjìji fi ṣú lẹ́nu ọ̀nà. Tísà àgbà kan ló ń bọ̀, ẹni tí Bàbá ti ń gẹrun fún kí wọ́n tó bí Afínjú. Láìròtẹ́lẹ̀, Afínjú na ọwọ́, ó sì tẹ ọwọ́ Bàbá mọ́lẹ̀ lórí pẹpẹ kó má baà hàn. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, gbígbóná, láìsinmi. Ohun tó ń ṣe wá yé e. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Bàbá ò ki ọwọ́ bọ àpò.

“Ẹ káàbọ̀, Tísà,” ó ní.

Tísà dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?”

“Ó máa ń gbọ̀n tí mi ò bá ṣiṣẹ́,” Bàbá dáhùn. “Ọjọ́ Ẹtì, ẹ wá sí yunifásítì ọmọ mi. Ẹ máa rí i dáadáa níbẹ̀, ó tóbi kún ògiri.” Ó dìde kúrò lórí àga, ó sì gbọn ìjókòó rẹ̀. “Kilípà ni mò ń lò lónìí. Ẹ jókòó.”

Tísà wo ọwọ́ náà. Ó wo Bàbá. Ó ṣí fìlà, ó jókòó, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba.